Jíà Kì Í Fi Kún Agbára Ẹ́ńjìnnì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn mẹkáníìkì wa máa ń sọ, tí ó sì ń ná àwọn tó gbà á gbọ́ lówó. Wọ́n ní bí alùpùpù kò bá lè gun òkè, kí a pààrọ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, èyíinì ni irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń gbà lé lórí, sí èyí tó tóbi jù ú lọ, ẹ́ńjìnnì yóò sì ní agbára sí i. Ìmọ̀ràn náà dára, nítorí pé alùpùpù ọ̀hún yóò gun òkè lóòótọ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe lé e lórí ni kò tọ̀nà, òun náà ló sì ń mú kí ẹlòmíràn tún lọ pààrọ̀ ti iwájú sí ńlá nítorí eré, kí ó wá máa retí pé òun yóò jẹ àǹfààní méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ka eyín wọn. Ká sọ pé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ẹ́ńjìnnì ní eyín 14, tí èyí tó wà lára táyà ẹ̀yìn sì ní 42. Ṣéènì kì í fo eyín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbà wọ́n. Nítorí náà, kí ti ẹ̀yìn tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ti iwájú gbọ́dọ̀ ti yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ti iwájú bá ń yí nígbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 500 péré ni táyà ẹ̀yìn yóò yí. Eré ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tí a rí gbà dípò rẹ̀ ni ipá ìyípo, èyíinì ni bí táyà náà ṣe lè fi tipátipá yí tó nígbà tí ẹrù bá ń dá a dúró, ipá yìí yóò sì di ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹni tó bá ti wo àwọn tó ń lẹ táyà nígbà tí wọ́n ń tú nọ́ọ̀tì ọkọ̀ akẹ́rù ti fojú rí ìdí rẹ̀. Wọ́n máa ń ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, nítorí pé bí ọwọ́ bá ti jìnnà sí nọ́ọ̀tì ni okun kan náà yóò ṣe lè yí i tó. Ipá kan náà ni ṣéènì fi ń fa eyín níwájú àti lẹ́yìn, ṣùgbọ́n eyín ti ẹ̀yìn fi ìlọ́po mẹ́ta jìnnà sí àárín ju ti iwájú lọ. Bí ó bá jẹ́ jíà méjì tí eyín wọn wọnú ara wọn láìsí ṣéènì, ìṣirò kan náà ni, àfi pé èkejì yóò máa yí sí òdìkejì. Àwọn kan gbà pé bí a bá ki jíà kẹta sáàárín méjì yìí, ipá yóò tún pọ̀ sí i. Rárá o. Ọ̀nà tí ìkẹyìn ń yí sí nìkan ni yóò yí padà, iye eyín jíà tí a ki sáàárín náà kò sì wọ inú ìṣirò rárá.

Agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde ni ohun tí a óò rí bí a bá sọ ìyára ìyípo di púpọ̀ pẹ̀lú ipá ìyípo. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta tí èkejì gòkè ní ìlọ́po mẹ́ta, ibi tí a wà náà la ṣì wà. Kódà, díẹ̀ máa ń dín nínú rẹ̀, nítorí pé eyín ń ha ara wọn, wọ́n sì ń gbóná.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, aya Carl Benz, wa ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Níbi tí òkè bá ti le, ṣe ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ tì í. Nígbà tó padà délé, ó ní kí ọkọ òun fi jíà kan kún un fún gígun òkè. Mo rò pé obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lónìí lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí jíà kìíní fi ń gbà wá lórí òkè. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo kì í lè fà dáadáa bó bá ń yí jẹ́jẹ́ jù. Ẹni tó fi jíà kẹrin kọjú sí Òkè Mápó ní Ìbàdàn yóò rí i pé ẹ́ńjìnnì ń rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí jíà kìíní ìbá jẹ́ kó máa sáré bó ṣe fẹ́, kí táyà sì máa rọra yí.

Nísinsìnyí, ẹ wo ẹni tó pààrọ̀ ti iwájú láti eyín 14 sí 15. Ó lè fi bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i lójú títì tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ipá tó ń dé táyà ti dín kù ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Eyín kan ṣoṣo tó fi kún iwájú yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú kí ó yọ eyín mẹ́ta kúrò lẹ́yìn. Bó bá wá gbé èrò méjì àti àpò gaàrí, kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ni yóò máa jìyà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń ka ìyẹn sí àìdára ẹ́ńjìnnì.

Ìṣirò yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn awakọ̀ kan máa ń fi ọkọ̀ sí fírì kí epo má bàa jó. Ní fírì, kò sí ohun tó so táyà mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́, bíréèkì nìkan ló ń di ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ mú, bó bá sì gbóná jù, kò ní dì í mú mọ́. Bí ọkọ̀ bá wà ní jíà kejì, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, lílekoko ẹ́ńjìnnì yóò sì di ìlọ́po kó tó dé ara táyà, yóò máa fà á sẹ́yìn.

Bí ẹ bá lè ya àwòrán sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí ojú ewé kan pẹ̀lú ìṣirò eyín wọn, èmi yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, Ìbàdàn