Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa: èèpo ọta .32 Special, àti àpò méjì tó ṣìnà

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ojú lọ́nà oṣù kọkànlá, nígbà tí ọdẹ àgbọ̀nrín yóò ṣí ní Texas níbí.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àpò méjì èèpo ọta (idẹ tó ń gba ẹ̀tù àti ọta) kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí tí mo kọ .32 Special, orúkọ irú ọta kan, sí lára, ṣùgbọ́n .30-30, irú mìíràn tí mo máa ń yí di .32, ló wà nínú wọn láì tíì yí i. Èmi fúnra mi ni mo di àwọn àpò náà, kì í ṣe ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ọta ò wọ ẹnu èèpo yìí o. Gbogbo èyí tí mo fi sí i ló ń ba ọrùn rẹ̀ jẹ́." Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti dá owó àwọn méjèèjì padà, mo sì ti fi èèpo tó tọ́ ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn pẹ̀lú èyí tó ṣì náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n ṣi àpò dì náà ló jẹ́ kí èèpo yìí wọ́n, òun náà ló sì lè kó ẹ̀yin náà sí wàhálà nílé yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ìbọn tí púpọ̀ nínú yín ń lò, Winchester Model 1894, ìbọn oníléfà tí a ń fa irin abẹ́ rẹ̀ kí ọta lè wọlé, kò wọ́n rárá. John Moses Browning, ọmọ ìlú Ogden ní Utah, ló ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe ju mílíọ̀nù méje lọ. Èyí tó pé mílíọ̀nù kan, Ààrẹ Calvin Coolidge ni wọ́n fi ta lọ́rẹ ní 1927. Bí ẹ bá wọ ilé àwọn àgbà òyìnbó ní ìgbèríko Texas, ẹ ó rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí a ṣe ń rí àdá lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé. Nígbà tí bàbá onílé bá kú, àwọn ọmọ á tà á, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá á rà á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló máa pè mí pé òun ò rí ọta rẹ̀ rà níbi kankan.

Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn náà. Bó bá jẹ́ .30-30, ìṣòro yín kéré. Bó bá jẹ́ .32 Winchester Special, ẹ fara balẹ̀ kà á dáadáa, nítorí "tọ́tì-tú" pọ̀: .32-20 wà, .32-40 wà, ti ìbọn ìléwọ́ náà wà, kò sì sí èyí tó lè dípò ìkejì. Mo ti rí ẹni tó ra páálí mẹ́ta ọta ìbọn ìléwọ́ fún ìbọn oníléfà rẹ̀, tó tún ń bá mi jiyàn.

Ọmọ ìyá ni .30-30 àti .32 Special. Ìyá wọn ni .38-55, ọta tó ti wà ṣáájú wọn. Ìdí èèpo wọn kò yàtọ̀. Gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, íńṣì 2.039 àti 2.040. Ọrùn nìkan ni ìyàtọ̀ wà: ọta .30-30 fẹ̀ tó íńṣì .308, ti .32 Special jẹ́ .321. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́tàlá nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì. Ojú tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kò lè rí i, pàápàá ní aago mẹ́wàá alẹ́ lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo. Àwíjàre kọ́ nìyẹn o. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ń sọ.

Kí ló dé tí mo fi ń fi .30-30 ṣe .32? Nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í ṣe .32 lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tí yóò ṣe é, òun náà ló ń ṣe àwọn èyí tó ń yá. Kí wọ́n tó dá a dúró kí wọ́n sì yí irin inú rẹ̀ padà nítorí ìwọ̀nba ọdẹ tó ń lo ọta àtijọ́, ó di ìgbà tí wọ́n bá ráyè. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọjà á gbà á tán, ó sì tún di ọjọ́ mìíràn. Ní 2020 àti 2021, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń ra ọta bí ẹni ń ra gààrí nígbà ìyàn, .30-30 gan-an di ohun à-ń-wá-kiri, ká má tiẹ̀ wá sọ ti .32. Owó tó gòkè nígbà náà kò tíì sọ̀ padà sí bó ṣe wà.

Bàbá mi ní Òkè-Ògùn kò ra ọta rí láyé rẹ̀. Ṣakabùlà ló ń lò. Ẹ̀tù, òwú, òjé, ó ń fi ọ̀pá ki gbogbo rẹ̀ wọlé, á fi káàpù (ohun kékeré tó ń tan iná sí ẹ̀tù) lé e, ó di inú igbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn àgbà òyìnbó tí wọ́n jókòó sí gáráàjì wọn, tí wọ́n ń tún èèpo ọta tí wọ́n ti yìn kì, mo ní iṣẹ́ ilé wa rèé, irin iṣẹ́ ló yàtọ̀. Ẹ̀tù á jó, ọta á lọ, káàpù á kú, idẹ ló kù. Idẹ yẹn ló gbówó lórí jù nínú kátíríìjì (odindi ọta tí a ti kì tán), òun náà ló sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀nà tí mo ń gbà yí i nìyí. Mo máa ń ṣa èèpo .30-30 tó dára, n óò yọ káàpù tó ti kú kúrò, n óò fọ̀ ọ́, n óò fi òróró díẹ̀ sínú ọrùn rẹ̀, kí n tó tì í sínú ẹ̀rọ kí irin tó ṣe ṣóńṣó lè rọra la ọrùn náà fẹ̀. Lẹ́yìn náà n óò gé gbogbo wọn dọ́gba. Bí idẹ náà bá ti gbó, ọrùn á ya. Nínú ọgọ́rùn-ún, mo sábà máa ń jù mẹ́rin tàbí márùn-ún nù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ tiyín, ẹ lè ṣe é fúnra yín, n kò ní bínú. Ó kàn jẹ́ pé ẹ má kánjú níbi ọrùn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òǹtẹ̀ ìdí èèpo náà ṣì ń wí pé .30-30. Irin kì í gbàgbé orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ní ìbọn méjèèjì nílé, tí ẹ kó ọta wọn pọ̀ sínú agolo kan, ẹ ti wá ìjàngbọ̀n. Bí .30-30 gidi bá wọ ìbọn .32, ọta rẹ̀ kéré ju ihò lọ, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ní bá ibi tí ẹ fojú sùn, ọrùn èèpo á sì fà ya. Tí .32 bá lọ sọ́dọ̀ ìbọn .30-30, ọta rẹ̀ tóbi ju ihò lọ. Ó yẹ kó má wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi agídí fa léfà lè fipá tì í, ewu ńlá sì ni. Láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo èèpo tí a bá yí níbí ni n óò fi ọ̀dà pupa kùn nídìí. Bí ẹ bá gba àpò .32 tí kò ní pupa, tí òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ kò sì sọ .32, ẹ dá a padà.

Àwọn kan ń bínú pé n kì í ra èèpo àtijọ́ tí wọ́n hú nílé bàbá àgbà mọ́. Ẹ má bínú. Èèpo tó ti pẹ́ gan-an lè dán bí ẹ̀gbà Ọ̀ṣun kó sì ti kú nínú. Àwọn káàpù ayé àtijọ́ kan ní mẹ́kúrì, èyí tó ń sọ idẹ di ohun tó ń já bí bísíkíìtì. Bàbà bí àádọ́rin, síǹkì bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni idẹ ọta, amóníà sì ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èyí ní Íńdíà: wọ́n kó ọta pa mọ́ sí ilé ẹṣin nígbà òjò, amóníà tó ń ti inú ìtọ̀ ẹṣin jáde bá idẹ náà jà, ó sì ya fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó yìn ín. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi oògùn fífọ gíláàsì fọ èèpo kó lè dán, ẹ ka ara ìgò náà. Bí amóníà bá wà nínú rẹ̀, ọṣẹ lásán àti omi gbígbóná dára jù ú lọ.

Ohun mìíràn tí ń pa èèpo ni kí a máa fún un padà sí kékeré jù lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan. Etí ìdí rẹ̀ ló ń dá a dúró nínú ìbọn, kì í ṣe èjìká (ibi tí ara èèpo ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ọrùn), torí náà bí ẹ bá ti èjìká sẹ́yìn jù, idẹ á máa nà nítòsí ìdí, á máa fẹ́lẹ́, ọjọ́ kan á já sí méjì nínú ìbọn. Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀, ẹ fi tọ inú èèpo láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Bó bá kọ́ nǹkan bíi kòtò nítòsí ìdí, ẹ fi ẹ̀mú tẹ èèpo náà rún kí ọmọ má baà gbé e padà sínú àpò.

Ọta olórí pẹrẹsẹ ni kí ẹ rà. Nínú túùbù abẹ́ ọ̀pá ìbọn, orí ọ̀kan ló ń sinmi lórí káàpù èyí tó wà níwájú rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí orí ṣóńṣó líle lè ṣe fún káàpù. Ẹ fún ẹnu èèpo mọ́ ọta náà dáadáa pẹ̀lú, kí sípíríǹgì túùbù má baà tì í wọnú. Ní ti ìwọ̀n ẹ̀tù, ẹ má bi mí lórí fóònù. Ìwé tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ má sì ní kí n bá yín kì í tán kí n tà á fún yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ níbí béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe ọta fún títà, n kò sì ní in. Èèpo àti irin iṣẹ́ ni mò ń tà. Bákan náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun sínú ẹrù tó ń lọ sílé, ì báà jẹ́ bàbá ọlọ́dẹ yín ní Ṣakí ló rán yín. Òfin ibí ò gbà, òfin Nàìjíríà ò gbà.

Iye rẹ̀ nìyí: àpò àádọ́ta tí a yí jẹ́ dọ́là 36, èyí tó ní òǹtẹ̀ .32 láti ilé iṣẹ́ jẹ́ dọ́là 58, méjìlá péré ló sì kù nínú rẹ̀. Mo ṣí ní Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé.

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ti sanwó sílẹ̀ fún èèpo ọta .348, èèpo yín kò tíì dé. Ìbọn Model 71 nìkan ni Winchester ṣe é fún, ó sì sanra ju .30-30 lọ, n kò lè yí i láti ara rẹ̀. Owó yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ padà, kó pè kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.