Omi pọ́ńdì tuntun tó di àwọ̀ ewé: ẹ má fi kẹ́míkà lé e

Sí Olóòtú,

Ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Pọ́ńdì ẹja àrọ̀ ti wá pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kábà dé Ìsánlú títí wọ Ẹ̀gbẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ohun tí inú mi kò dùn sí ni ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: pé bí omi bá ti di àwọ̀ ewé, kí wọ́n lọ ra kẹ́míkà dà sí i, tàbí kí wọ́n gbọ́n omi náà dànù tán kí wọ́n fọ ògiri mọ́ tónítóní. Ìmọ̀ràn méjèèjì yìí ń pa ẹja ju àwọ̀ ewé náà lọ.

Àwọ̀ yẹn kì í ṣe àìsàn. Ewéko tíntìntín ni, tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oòrùn àti ajílẹ̀ ń mú hù. Ta ló da ajílẹ̀ sómi? Àwa tí à ń bọ́ ẹja ni. Oúnjẹ ẹja kílò kan, tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ní náítírójìn, èròjà ajílẹ̀ gan-an, tó tó gíráàmù 64. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹja máa ń fi kọ́ ara. Èyí tó kù, tó lé ní gíráàmù 40, inú omi ló ń padà sí, amóníà, oró tó ń jáde lára ẹja, ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Nínú pọ́ńdì tó ti pẹ́, bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ògiri àti ìsàlẹ̀ ló ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà lóró, tí irú mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Pọ́ńdì tuntun kò tíì ní wọn. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́. Títí dìgbà náà, ewéko tí ẹ fẹ́ pa yìí gan-an ló ń bá yín jẹ amóníà. Bí ẹ bá da copper sulphate lé e, ẹ̀rún búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ dáadáa, gbogbo rẹ̀ á kú pọ̀. Á jẹrà, á gba atẹ́gùn inú omi, amóníà tó ti gbé mì á sì tú jáde. Láàárín ọjọ́ mélòó kan omi á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa rùn, ẹja á sì máa léfòó. Ẹni tó fọ ògiri mọ́ náà ti ha bakitéríà tó fẹ́ jókòó dànù, ó ti padà sí ọjọ́ kìíní.

Sìmẹ́ńtì tuntun tún ń dá kún un. Ẹfun inú rẹ̀ ń gbé pH omi sókè, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe ń ga sí i ni kíkan rẹ̀ ń dín kù), pH ló sì ń pinnu bí amóníà ṣe máa lóró tó. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 28°C, tí pH rẹ̀ sì jẹ́ 7, kò tó ìdá 1 nínú 100 amóníà tó jẹ́ èyí tó lóró. Bí pH bá di 8, ó di bí ìdá 7. Bó bá di 9, ó lé ní 40. Ewéko náà ń gbé pH sókè lọ́sàn-án bí oòrùn bá mú, nítorí náà omi tí ẹja fara dà láàárọ̀ lè pa á ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ máa wọn pH lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní ìdájí àti ní aago mẹ́ta. Kí ọmọ ẹja tó wọ pọ́ńdì sìmẹ́ńtì, ẹ pọn omi kún un, ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iye ọ̀sẹ̀ ló ṣe pàtàkì o. Àfi kí pH má kọjá 8 mọ́ lẹ́yìn tí omi tuntun bá ti jókòó fún ọjọ́ méjì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àwọ̀ ewé ti pọ̀ jù? Ẹ mú abọ́ tánganran funfun kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ kàn án mọ́ ìdí ọ̀pá gbọọrọ, kí ẹ fi ọ̀bẹ fín ọ̀pá náà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún. Ní ọ̀sán, ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ máa rì í díẹ̀díẹ̀. Ibi tí abọ́ ti pòórá mọ́ yín lójú ni kí ẹ kà. Láàárín 30 sí 45, omi dára. Bó bá ti pòórá kó tó dé 20, ewu wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣì ń rí i kedere ní 60, ewéko kéré jù, kò sẹ́ni tó ń bá yín jẹ amóníà. Ẹ bu omi sínú ife funfun wò pẹ̀lú, torí ẹrẹ̀ náà lè bo abọ́ mọ́lẹ̀.

Bí kò bá pé 20, ẹ má bọ́ ẹja lọ́jọ́ yẹn rárá, kí ẹ dín oúnjẹ sí ìdajì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ ẹja wà, ẹ fi tuntun dí i, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ pọ́ńdì ni páìpù rẹ̀ ń fa omi òkè tó mọ́, tí ẹ̀gbin sì ń jókòó. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: páìpù ínṣì mẹ́ta tó dúró lórí ihò ìsàlẹ̀, ẹ fi páìpù ínṣì mẹ́rin tó ga jù ú lọ bò ó, kí ẹ gé eyín sí ẹsẹ̀ páìpù ńlá náà. Nígbàkígbà tí ẹ bá rọ omi tuntun sí i, omi ìsàlẹ̀ ni yóò máa gba àárín méjèèjì gòkè jáde. Omi kànga ẹ̀rọ kì í ní atẹ́gùn púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè gba inú agbọ̀n. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo ìdajì ojú pọ́ńdì, kí ewé rẹ̀ má kan omi.

Wọ́n máa ń ní àrọ̀ ń mí lókè omi, pé kò sóhun tó lè ṣe é. Òótọ́ ni pé àgbà àrọ̀ ń gbé atẹ́gùn lókè. Ṣùgbọ́n ọmọ wẹẹrẹ kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, bakitéríà tí à ń wí náà kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí atẹ́gùn nínú omi. Kò sì sí mímí òkè tó ń gba ẹja lọ́wọ́ nitrite, tó máa ń pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkarùn-ún. Ẹ la ẹja kan wò: bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dúdú bí kọfí, òun nìyẹn. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni oògùn rẹ̀, gíráàmù 165 fún lítà 1000. Pọ́ńdì mítà 4 sí mítà 3, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan, gba lítà 12,000, ìyẹn iyọ̀ kílò méjì. Ẹ pò ó nínú garawa kí ẹ tó dà á yíká. Bí ẹ bá pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi, ẹ dá ìdá kan nínú mẹ́ta iyọ̀ náà padà.

Kì í ṣe gbogbo wa ló wà nítòsí odò Kampe ní Ejiba. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ wa wà, omi wọn sì máa ń fà lóṣù kejì àti ìkẹta. Iye ẹja tí omi yín lè gbà lóṣù kejì ni kí ẹ kó sí pọ́ńdì, ẹ má fi ti oṣù kẹsàn-án ṣírò.

Mo bẹ àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí kí wọ́n fi abọ́ àti ọ̀pá hàn wọ́n kí wọ́n tó dárúkọ kẹ́míkà kankan. Mo tún bẹ àwọn tó ń da omi pọ́ńdì sínú odò tí aráàlú ń pọn: ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti orí ebè ẹ̀fọ́, torí ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà ló wà nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùsin ẹja kan,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí