Lẹ́tà sí Àjàní, àbúrò mi

Àjàní mi,

Mo ti gbọ́ orin tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá. Ibi tí ìka rẹ ti yẹ̀ lórí okùn gìtá, tí o pòṣé, tí o tún un bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ gbé ọ jáde yẹn ni kò dùn mọ́ mi nínú. Ó ní kí o wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù rẹ kọrin, pé ojú tí ayé mọ̀ ni yóò ta àwo. Jẹ́sì wo? Ti ẹgbẹ́ tó jẹ ọ́ lówó oṣù mẹ́ta nígbà tí orúnkún rẹ bàjẹ́, tí ẹnì kan nínú wọn kò yọjú sí ọ lórí bẹ́ẹ̀dì? Mi ò sí nílé nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin 4 lọ síbi iṣẹ́ ní Bronx ní New York níbí, ẹ̀gbẹ́ pápá Yankees, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan, ni mo máa ń gbà kọjá. Tuntun ni pápá ọ̀hún. Èyí tí Bernie Williams ti gbá bésíbọ́ọ̀lù wà ní òdìkejì títì, wọ́n ti wó o. Ọmọ Puerto Rico ni. Ọdún 1991 sí 2006, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí ló gbá fún, ó sì bá wọn gba World Series, ife bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nọ́ḿbà 51 ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ̀, wọ́n ti pa á tì láti 2015. Ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́ ní Yankees mọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni baba rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Láti Spéènì ló ti gbé gìtá kan wálé, ọmọdé ni Bernie nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwo orin tó gbé jáde ní 2009 wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Latin Grammy. Àjàní, lẹ́yìn èyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Manhattan School of Music! Ó bá àwọn ọmọ tó lè bí jókòó ní kíláàsì. Ní 2016 ló gba oyè rẹ̀, ẹni ọdún 47. Orúkọ kò wọ́n ọn. Orin ló fẹ́ mọ̀.

Ṣé o rántí ògiri ilé wa ní Mọ́kọ́lá? Ojú kan náà lo máa ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ òsì, títí ọ̀dà ibẹ̀ fi ṣí, tí Màmá fi ń pariwo. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ọ nígbà náà? Mo fẹ́ kí o tún ní irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Bàbá onígìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe tán láti kọ́ ọ, ìwọ náà lo sọ fún mi. Mo ti fi owó ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta sí àkáǹtì rẹ láàárọ̀ yìí. Má fi ra aṣọ orí ìtàgé o. Sọ fún bàbá pé ọjọ́ Ajé lo ń bọ̀. Bí ìka rẹ bá ti mọ ibi tó ti ń yẹ̀ yẹn kọjá, tún un ta, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.