Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n fún ní kíláàsì ọmọ rẹ̀

Àbúrò mi,

Ìgbà tí o pè lálẹ́ àná, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn ọmọ ń jà sí ibi tí wọ́n máa ki ṣájà fóònù bọ̀, ọkọ mi ń pariwo pé kí a tètè fa omi kí wọ́n tó tún mú iná lọ, n kò sì ráyè dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á ni mo kọ ọ́ sí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó jẹ́ abiyamọ ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́rùn wọn. Má bínú. N kò dárúkọ rẹ.

Kú oríire iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà tí o ti gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní Lánlátẹ̀ ni o ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé aládàáni, tí owó oṣù rẹ kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Ìjọba wá gbà ọ́ wàyí, wọ́n gbé ọ lọ sí Ìgbò-Ọrà, ọ̀gá ilé ìwé sì fún ọ ní Pírámárì Kìíní. Àfi bí ó ṣe bọ́ sí ọdún tí ọmọ tìrẹ náà máa wọ Pírámárì Kìíní, kíláàsì kan ṣoṣo ló sì wà fún wọn níbẹ̀. O ní Ọlọ́run ló tò ó bẹ́ẹ̀, pé ìwọ fúnra rẹ ni wàá di ọwọ́ ọmọ rẹ mú kọ a, b, d. Ọkọ rẹ náà ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé owó lẹ́sìnnì á dín kù.

Èmi kò fara mọ́ ọn. Gba iṣẹ́ náà tọwọ́ tẹsẹ̀, gba kíláàsì náà, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ rẹ jókòó síbẹ̀.

Ìwọ kò mọ Màmá ní olùkọ́. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo sọ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí o fi wà lọ́mọdé ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni wọ́n ti gbé wọn kúrò níbi tí à ń lọ, wọ́n ti wà lọ́nà Omi-Àdió. Ìyá tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, tó ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ní kí o wá jókòó sí ẹsẹ̀ òun kí òun tú irun rẹ, òun ni ìwọ mọ̀. Èmi jókòó sí kíláàsì wọn ní Pírámárì Kẹrin, odindi ọdún gbáko.

Wọn kò jẹ́ kí n pe àwọn ní Màmá. Láti géètì ni mo ti gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n ní Àǹtí bí gbogbo ọmọ yòókù ṣe ń pè wọ́n. Kò pẹ́ tí a wọlé ni mo gbàgbé, mo nawọ́ sókè, mo ní, "Màmá, mi ò rí ojú pátákó dáadáa." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Wọ́n kàn yíjú sí ọmọ mìíràn, àfi bí ẹni pé n kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, ẹni tó jókòó tì mí ni mo ń bẹ̀ pé kó bá mi tọrọ àyè.

Ti ẹgba ńkọ́? Bí kíláàsì bá pariwo, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn ọmọ wọn. Bí mo bá gba máàkì tó jọjú, àwọn kan á ní, "Ìyá ẹ̀ ló sọ ìdáhùn fún un." Ọ̀rọ̀ yìí ta sí Màmá létí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ìdánwò tèmi nìkan fún olùkọ́ Pírámárì Karùn-ún pé kí wọ́n bá àwọn máàkì rẹ̀. Olùkọ́ yẹn sì há ju Màmá lọ! Àwọn ẹgbẹ́ mi kò bá mi ṣeré dénú. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olùkọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, tí mo bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kálukú á pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí ìdánwò bá ń bọ̀ nìkan ni mo máa ń níyì, tí wọ́n á máa fún mi ní gúgúrú àti bàbá dúdú, pé kí n bá wọn yẹ inú báàgì Màmá wò.

Bí a bá ń re ilé, Màmá á wà níwájú, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn, ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ máàkì á wà lórí mi. A ò ní bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a ó fi kọjá ojú irin rélùwéè Apátá. Bí a bá ti kọjá rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á gba ẹrù lórí mi, wọ́n á ní, "Ṣé ebi ò pa ọ́, ọmọ mi?" Mo bi wọ́n léèrè lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní bí àwọ́n bá ti kọjá ojú irin, kò sí òbí ọmọ ilé ìwé kankan tó lè rí àwọn mọ́.

N kò dá wọn lẹ́bi o. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀ fún ọ, torí wọn kì í sọ ọ́. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ọmọ ya bo kíláàsì, olùkọ́ kò sì tó. Wọ́n wá ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, Màmá sì wà lára àwọn tó gba Grade Two, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti ìgbà náà. Àṣé wọ́n ṣì máa yí i padà. Wọ́n ní NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní, ni ara kò bá rọ ẹni tó ní Grade Two nìkan mọ́. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń lọ sí lẹ́kíṣọ̀ NTI, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ní Sátidé àti nígbà ìsinmi, tí ìwọ sì wà lẹ́yìn wọn nínú ọ̀já, tí èmi ń se ẹ̀bà fún Bàbá nílé. Ẹni tí ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà kì í fẹ́ kí òbí kan wá sọ lọ́fíìsì ọ̀gá pé ó ń ṣègbè. Ará ilé ló rọrùn láti fìyà jẹ, torí ará ilé kò ní lọ fẹjọ́ sùn.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù nìyí: awò tí mo ń lò yìí, JSS1 ni wọ́n tó mọ̀ pé mo nílò rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan tí kò mọ ilé wa, tí kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ló ránṣẹ́ sí Màmá pé ọmọ yìí kò ríran o, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò kọ. Màmá tó ń rí mi láti àárọ̀ dalẹ́ kò mọ̀. Nílé, ojú ìyá ni wọ́n fi ń wò mí, n kì í sì ka pátákó nílé. Ní kíláàsì, wọn ò fẹ́ wò mí rárá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tèmi kò fi sí nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Ìnáwó wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Sísáré wà níbẹ̀ pẹ̀lú: wọn kì í jáde nígbà tí mo bá ń jáde, ìpàdé òbí tiwọn sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá wa fẹ́ yẹ lesson note wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ ọmọkùnrin mi pè mí lọ́jọ́ kan pé ó ń fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oúnjẹ rẹ̀ tán kó tó di àkókò ìsinmi, nítorí wọ́n ní àwọn ò ní bá a gbá bọ́ọ̀lù tí kò bá fún wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí. Ọmọ olùkọ́ tó jókòó síwájú ìyá rẹ̀ kò ní ẹni tó máa bá a gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sílé.

Wàyí, ìwọ tún wò ó bí ìlú tí o wà ṣe rí. Ìlú ìbejì ni Ìgbò-Ọrà. (Wọ́n á ní ọbẹ̀ ìlasa ló ń fà á. Jẹ ẹ́ o, ó dùn, ṣùgbọ́n ro ó dáadáa kí o tó bu àwo kejì.) Bí o bá ṣí rẹ́jísítà, wàá rí Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ jàǹtìrẹrẹ, Ìdòwú àti Àlàbá á tẹ̀ lé wọn. Má pe Táíwò lásán, kó má baà jẹ́ pé ìlà mẹ́ta ló máa dìde. Àwọn ìyá ìbejì á máa ṣọ́ ọ: bí o bá fún Táíwò ní ṣọ́ọ̀kì mú, ṣé Kẹ́hìndé náà mú nǹkan? Bí ọ̀kan bá yege tí èkejì kò yege, ilé ìwé ni wọ́n máa gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn ọmọ inú kan náà lójoojúmọ́, ṣé ó tún yẹ kó fi ọmọ ara rẹ̀ kún ẹjọ́ náà?

Ti èdè tún wà níbẹ̀. O máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọmọ yẹn nílé. Èmi àti ẹ ti fà á títí. Àwọn tí o máa bá ní kíláàsì, Ìbàràpá ni wọ́n ń sọ bọ̀ láti ilé. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ wọn láti Pírámárì Kìíní dé Ìkẹfà. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní àwọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣàlàyé ìdá méjì ọsàn fún wọn, wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò lóhùn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kó ìdérí ìgò mínírà àti ọwọ́ ìgbálẹ̀ jọ, kí o fi Yorùbá kà á fún wọn, lẹ́yìn náà kí o wá pe orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èwo ni ọmọ tìrẹ máa gbọ́ nínú rẹ̀? Ìyá tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, tó ń sọ Yorùbá níwájú pátákó, tó ní kí ọmọ máa pe òun ní Àǹtí: ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó kéré sí gbogbo rògbòdìyàn yẹn.

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni wí pé màá lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó pín kíláàsì tán, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n pé kí ìwọ àti olùkọ́ Pírámárì Kẹta ṣe pàṣípààrọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, mú ọmọ lọ sí ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ ọ jù, kó sì máa wá bá ọ lẹ́yìn ìjáde. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, tó di dandan kó jókòó síwájú rẹ, fi olùkọ́ kan ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, tí ìwọ ò ní dá sí i. Má sì nà án ṣáájú. Àwọn òbí á sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ.

Nílé, jẹ́ kó jẹun kí o tó béèrè ìwé. Ọmọbìnrin mi wò mí lójú lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń tò wọ́n sídìí tábìlì, ó ní, "Màmá, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí Àǹtí." Ọkọ mi ló ń bá wọn ṣe ìṣirò láti ìgbà náà. Kò mọ̀ ọ́n tó mi, wọ́n sì ń gbọ́ ọ yé ju tèmi lọ.

Mo ti fi káàdì álífábẹ́ẹ̀tì àti ṣọ́ọ̀kì páálí méjì rán awakọ̀ Erúwà kan tí mo mọ̀, á pè ọ́ tó bá dé. Wọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ níbẹ̀ kí owó oṣù kìíní tó jáde, kí o má baà ná an tán.

Mo ka ìwé yìí sí Màmá létí kí n tó fi í síta. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí a ti kọjá ojú irin, wọ́n ní irọ́ ni mo pa, pé àwọn kì í gba ẹrù lórí mi, èmi ni mo máa ń jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà ọ̀gá ilé ìwé rẹ, pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí olùkọ́ ni. N kò tíì fún wọn. Bí o bá mọ̀ pé o lè bá ọ̀gá náà sọ ọ́ fúnra rẹ, tètè lọ sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé, torí Màmá ti ra káàdì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ