Ẹ̀yin Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún, Máàpù Ìtàn Wa Ti Dúró Sójú Kan

Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó nílé àti lẹ́yìn odi, a kí yín, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí yàrá máàpù ìtàn, níbi tí àwọn àgbà ti ń kọ́ fóònù, tí wọ́n sì ń fi ìtàn àdúgbò wọn sórí máàpù, ti wà ní títì pa. Bátìrì sólà ti kú, dátà ti tán, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù kọ́ àwọn àgbà sì ti wá iṣẹ́ míì lọ. Nínú gbogbo àdúgbò tí a jọ kà sílẹ̀ níbi ìpàdé ọdún tó kọjá, mẹ́fà péré ni ìtàn wọn ti wọ orí máàpù. Bí ẹ bá wá àdúgbò baba yín tí ẹ kò rí i, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bínú sí wa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé àwọn tó ti san owó.

Àwọn kan ṣì ń bèèrè pé kí ló kan ìtàn àtijọ́ nínú ẹ̀kọ́ fóònù. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí. Màmá kan wá láti Òkè Àgúnlá, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò fọwọ́ kan fóònù olójú gbooro rí. Wọ́n wá sọ ìtàn èéfín tí àwọn baba ńlá wa rí láti orí òkè náà kí wọ́n tó tẹ ìlú yìí dó. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù lọ́wọ́ fi àmì sí ibi kan. Màmá ní, "Ibẹ̀ kọ́, sún un sísàlẹ̀." Ó sún un, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó tún un sún, wọ́n kọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìka ara wọn sún un dé ibi tó yẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ wọn ní Ítálì, láì bẹ ẹnikẹ́ni. Inú wa dùn débi tí omi fi bọ́ lójú akọ̀wé wa.

Nípa owó àkọ́kọ́ tí ẹ dá, a ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, pé a kó o jẹ. Fóònù mẹ́jọ, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin àti bátìrì kan la fi rà. Rìsíìtì wọn wà lọ́wọ́ akápò, olùyẹ̀wéwò tí ẹ̀yin fúnra yín yàn sì ti fọwọ́ sí i. Kí a tó kó owó náà jọ tán ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Iye bátìrì tó dára fò kọjá agbára wa, a sì ra èyí tó kéré. Àṣìṣe wa nìyẹn, a gbà. Ṣùgbọ́n a kò jalè, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo Ìdànrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Láti 2007 ni òkè wọn ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ọ̀wọ̀ ti ní mùsíọ́mù láti 1968. Ní Suriname lọ́hùn-ún, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn Matawai, àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó sá kúrò lóko ẹrú, ti fi ìtàn ẹnu àwọn àgbà wọn sórí máàpù nínú igbó wọn. Terrastories, ètò ọ̀fẹ́ tí à ń lò yìí, tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ara iṣẹ́ tiwọn ló ti jáde. Àwa ńkọ́? Àwa tí Púpùpú, obìnrin, jẹ ọba àkọ́kọ́ fún! Àwa tí a ní Lọ́bùn, olórí àwọn obìnrin ìlú, tí Ọ̀ṣemàwé, ọba wa, kò lè gorí ìtẹ́ láìsí ọwọ́ rẹ̀! Ẹni tó bá tẹ orúkọ ìlú wa sórí fóònù lónìí, ilé epo àti hótẹ́ẹ̀lì ló máa rí.

Owó tí a ń bèèrè láti tún yàrá náà ṣí nìyí: ₦10,000 fún ará ilé, ₦50,000 fún ará òkè òkun. Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san án sí. Nọ́ḿbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ àti àdúgbò yín sí i. Ìparí oṣù yìí ni gbèdéke.

Ẹ̀yin tí ẹ dìde níbi ìpàdé àpéjọ, tí onílù kì yín, tí ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àwọn ìjòyè, ẹ mọ ara yín. A kò ní dárúkọ. A ti pè yín, ẹ ní ẹ wà nínú mọ́tò. A tún pè, ẹ kò gbé e. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà, tí wọ́n ń dá ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti san tiwọn pé. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ ìlú tó kọ́lé sí Lẹ́kí jókòó sẹ́yìn wọn? Ẹ bá wa wò ó pẹ̀lú ojú àánú. Bí kò bá tíì pé, ẹ mú ìdajì wá.

Bàbá kan tó yẹ kó sọ ìtàn àdúgbò Òdòjọmù fún wa fi ilẹ̀ bora lóṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjọ́ tí a dá fún wọn láti wá sọ ọ́ pé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwọn àgbà mẹ́rin míì ṣì wà lórí ìwé, màmá Òkè Àgúnlá sì ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ilé wọn pé ìgbà wo la máa ṣí i.

Akọ̀wé àgbà, lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ.