Ẹyẹ Wo Lẹ Ní Lọ́kàn?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe. Nílé tiwa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí, ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn yín, níbi tí ẹ máa ń tẹ kírọ́sìwọ́ọ̀dù sí, eré tí a ti ń tẹ̀lé ìtọ́ka láti fi lẹ́tà ọ̀rọ̀ kún àpótí. Olùkọ́ Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni èmi àti ẹ̀ jọ máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án Sátidé, tí a bá ti jẹ iyán tán.

Ìtọ́ka kan tí ẹ tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi gbé kálámù. Báyìí lẹ kọ ọ́: "Ẹyẹ kan", àpótí mẹ́ta. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí òòró, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀, fún wa níbẹ̀ ni A tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kọ àṣá. Mo ní kó dúró ná, ṣé kò lè jẹ́ awó? Òun náà yíjú sí mi, ó ní agbe ńkọ́, ṣebí lẹ́tà kan ni gb? Nígbà tí ìdáhùn jáde lọ́sẹ̀ kejì, awó lẹ kọ. Ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá àgbà, kí ni mo ṣe tí tèmi kò fi tọ̀nà?" N kò rí èsì fọ̀ fún un, torí pé kò ṣi nǹkan kan ṣe.

Mo mọ ibi tí irú ìtọ́ka bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843, títí dé ìwé atúmọ̀ èdè tí àwọn CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, tẹ̀ ní Èkó ní 1913, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mi ò ní gbàgbé oore wọn láé. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé ìtumọ̀ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí a tún dà á padà sí Yorùbá, ohun tó máa kù lọ́wọ́ wa ni "ẹyẹ kan", "irú igi kan", "irú ẹja kan". Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìyẹn kò burú. Ẹni tó ṣí ìwé náà ti rí ọ̀rọ̀ náà níwájú rẹ̀, ìtumọ̀ ló ń wá. Ẹni tó jókòó ti kírọ́sìwọ́ọ̀dù, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe: ìtumọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ohun tó tó ẹni àkọ́kọ́ kò lè tó ẹni kejì. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń bá yín to àwọn àpótí náà rò dáadáa kó tó tún kọ "ẹyẹ kan" sílẹ̀.

Ó sì máa ń dùn mọ́ mi láti rántí pé ní 1913 yẹn kan náà, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá, ni Arthur Wynne, ọmọ bíbí Liverpool, gbé irú eré yìí jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní Amẹ́ríkà. Word-Cross ló pè é nígbà náà. Ọdún kan náà ni ìwé atúmọ̀ èdè wa àti eré yìí dé, nítorí náà kò yẹ kó ṣòro láti mú àwọn méjèèjì bára mu.

Àwa kúkú ní bí a ṣe ń ṣe é kí Wynne tó dáyé. Kí ni àlọ́ àpamọ̀, bí kì í ṣe ìtumọ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀? "Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun." Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa dáhùn pé ọ̀pẹ ni, tàbí èéfín. Òjò ni, kò sí nǹkan mìíràn láyé tó tún rí bẹ́ẹ̀. Àpótí mẹ́ta náà ló sì gbà. Ẹ wo agbe tí ọmọ mi fẹ́ kọ: ta ni kò mọ̀ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun? Ẹ kọ "Ẹyẹ tó laró", ó parí. Ẹ kọ "Ẹyẹ tí ìyá adìẹ ń sá fún", gbogbo ilé á pariwo àṣá. Fún awó, ẹ lè kọ "Ẹyẹ tí orúkọ rẹ̀ kejì jẹ́ ẹtù".

Ẹtù yìí gan-an gbé mi dé ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ẹ fi ẹ, t àti u sínú àpótí mẹ́ta, kí ẹ má fàmì sí i. Ẹtu ni ẹranko inú igbó. Ẹtù ni ẹyẹ, ibẹ̀ náà la sì ti rí orúkọ aṣọ òkè aláró tó ní ìlà funfun tín-ín-rín. Ẹ̀tù ni èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìbọn. Ọdẹ kan lè fi ẹ̀tù pa ẹtu láàárọ̀, kó sì wọ ẹtù lọ sóde ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní kí ẹ fi àmì sínú àpótí, torí mo mọ̀ pé ohùn òkè lè pàdé ohùn ìsàlẹ̀ níbi tí ìbú àti òòró ti kọjá lára wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ níbi tí ẹ ti ń tẹ ìdáhùn, kí ọmọdé lè mọ èyí tí ẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s, n kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lóṣù tó kọjá, ọ tó bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ ní ìbú ni ẹ tún fi bẹ̀rẹ̀ òjò ní òòró. Ọmọ náà nu pépà yẹn títí ó fi ya.

Lórí gb, ẹ mú ọ̀kan kí ẹ sì dúró tì í. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni álífábẹ́ẹ̀tì wa, gb sì wà lára wọn. Nítorí náà àpótí kan ló tọ́ sí i lójú tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọtọ́. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí ìlànà tí a ń lò báyìí. Ẹni tó bá ṣì ń kọ aiye yóò wá àpótí mẹ́rin, ayé kò sì gbà ju mẹ́ta lọ. Enia gba mẹ́rin, ènìyàn gba mẹ́fà! Nínú ìwé ròyìn, a lè fojú fo irú èyí. Nínú àpótí, kò ṣeé fojú fò, torí lẹ́tà kan tó bá yẹ̀ ló máa ba gbogbo èyí tó yí i ká jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ "láti" náà kúrò. "Láti lọ sókè", àpótí mẹ́ta, ìdáhùn: gun. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nílé rẹ̀? "Ohun tí adẹ́mu ń ṣe sí ọ̀pẹ kí ó tó dá ẹmu" ni ará ibí máa gbọ́, tó máa rẹ́rìn-ín, tó sì máa kọ ọ́.

Ní ti ìmọ̀ gbogboogbò, ọ̀pọ̀ olú-ìlú òkèèrè la ti kọ́ lọ́dọ̀ yín, a dúpẹ́. Àmọ́ kí ló dé tí Èkìtì kì í sí níbẹ̀? Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ní Ìkògòsì, àpótí méje. Ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí di 1893, tó jẹ́ pé ìró ìbọn ló fún un lórúkọ, Kírìjì ni, àpótí mẹ́fà. Òkè Olósùnta ń wò mí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, àpótí mẹ́jọ lòun ń fẹ́.

Ó ku ẹyọ kan, ọmọ náà ló ní kí n fi kún un. Ẹni tó ń to àpótí yín mọ̀ pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi u bẹ̀rẹ̀, nítorí náà tí u bá ti bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Èdè Èkìtì tiwa ń fi u bẹ̀rẹ̀: ugi la ń pe igi, ùlú la ń pe ìlú. Ìtọ́ka tó fúnra rẹ̀ kọ rèé: "Ibi tí ará Èkìtì ń sùn sí, bó ṣe ń pè é lẹ́nu ara rẹ̀", àpótí mẹ́ta. Ó ń retí rẹ̀ ní Sátidé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.