Àjọkẹ́, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ìbàdàn

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń ro mí bí òjò bá ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. O ní ẹ fẹ́ yáwó ní báǹkì, kí ẹ fi kọ́ fúláàtì mẹ́rin sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín ní Ìkòròdú. O ní bí ayálégbé bá ti kó wọlé, o máa fiṣẹ́ sílẹ̀, o ti bọ́ nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi pé o fẹ́ kọ́lé. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé ẹni tó nílé tó ń pawó kò ní máa wojú ọmọ jẹun lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí.

Lọ́dún tí mo parí ilé mi tó wà ní Àpáta, àwọn ayálégbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà san owó ọdún kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, mi ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ pa pọ̀ rí. Mo ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi, mo ra gèlè, mo san owó iléèwé yín, ó tán. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí ṣalángá kún. Omi ìdọ̀tí ń ṣàn gba abẹ́ fèrèsé ìyá ọlọ́mọ kan. Ó pọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀. Kò pariwo. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èlùbọ́, ó ní, "Màmá, òórùn yẹn ti bá wa wọ inú yàrá o." Mi ò lè wojú ẹ̀. Owó tí mo fẹ́ fi ra ọjà ni mo fi pe mọ́tò tó ń fa ìgbẹ́, ìsọ̀ mi sì gbófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èlùbọ́ ló ń bọ́ ilé nígbà náà, ilé kò tíì lè bọ́ mi.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé owó ilé máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Ó máa ń jọ èrè lójú. Oúnjẹ oṣù 12 ni, ilé fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó máa jẹ níbẹ̀.

Wá gbọ́ ìṣirò tèmi. O ní ilẹ̀ àti ilé yóò gbà tó mílíọ̀nù 40 náírà, kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan máa mú 600,000 wá lọ́dún. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mílíọ̀nù 2 àti 400,000. Náírà 6 nìyẹn lórí ọgọ́rùn-ún, ká tó kun ilé, ká tó san owó ìjọba, ká tó rántí pé yàrá lè ṣófo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 lórí ọgọ́rùn-ún, báǹkì tó máa yá yín á sì tún lé tirẹ̀ lé e. Kódà kó wálẹ̀, báwo ni 6 ṣe fẹ́ san án? Owó oṣù rẹ ló máa san èyí tó kù, òun náà lo sì fẹ́ fi sílẹ̀ yìí.

Ẹ fi ìpìlẹ̀ mẹ́rin lélẹ̀ bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ parí ẹyọ kan ná. Owó tí ẹ bá yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ kò ní wọ̀ yín lọ́rùn bíi ti báǹkì. Àjọ ni mo fi kọ́ tèmi: bí mo bá kó àjọ, mo ra búlọ́ọ̀kù.

Ti ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má san kọ́bọ̀ kan o, àfi kí sọ̀fíọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Aláúsá bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àgbààgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ilẹ̀ Àpáta, nítorí pé ojúlé kan ní wọn ò pe àwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi dandan lé e pé kí gómìnà fọwọ́ sí títà ilẹ̀ tó bá ti níwèé ìjọba.

Ẹ má sì gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin Èkó ti ọdún 2011 kò fẹ́ kó ju ọdún kan lọ, bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹni tó ń san owó ọdọọdún jáde, ẹ fún un ní ìwé pé kó kúrò, ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Àwọn kan ń ká òrùlé lórí ayálégbé. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ nípa ọmọ tí mo bí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ṣalángá ni mo ra ìwé kan. Nínú náírà 10 tó bá wọlé, 3 jẹ́ ti àtúnṣe, 2 jẹ́ ti owó ìjọba àti yàrá tó bá ṣófo, 3 jẹ́ ti ilé kejì. Náírà 2 péré ni mo ń ná, fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Lọ́dún kan, ìjì ká páànù ẹ̀yìn ilé lóru. Ilẹ̀ mọ́, mo pe kápẹ́ńtà, mo ka owó fún un látinú owó àtúnṣe, mo sì gba ọjà lọ. Orí ìjókòó inú mọ́tò ni mo ti rí i pé àyà mi ò já rárá. Ọjọ́ náà ni mo bọ́, Àjọkẹ́.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣọdún, mú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ náà dání. Mo ti yọ ìwé ìṣirò yẹn kúrò nínú àpótí, ó wà lórí tábìlì, a ó jọ kà á.

Èmi ni, ìyá rẹ.